Orúkọ Tí Mo Rẹ Láró

Alága wa lónìí, Alhaji Ràṣídì, onílé tí kò lé wa jáde nígbà tí omi aró wa ṣàn dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, mo kí yín, sà. Ẹ̀yin àgbààgbà àdúgbò, mo kúnlẹ̀. Fèyíkẹ́, ìwọ tí o ni ilé iṣẹ́ yìí, mo kí ọ lọ́mọ, mo sì kí yín lọ́gàá. Ẹ̀yin tẹ́lọ̀ wa, ẹ̀yin ìyálọ́mọ tí ẹ ti Lẹ́kkí Phase 1 wá, àti ẹ̀yin tí ẹ pọn ọmọ láti Lakowe dé Ajah nítorí tèmi, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìnáwó. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Wọ́n kọ ọ́ sára bánà tó wà lẹ́yìn mi yìí pé Màmá Mọ́nsúrátù ń fẹ̀yìn tì nítorí pé àgbà ti dé. Ẹ ṣé, àmọ́ àgbà kọ́. Ojú mi ṣì ń ríran, ẹnu mi ṣì ń jà. Ọwọ́ mi ni kò gbà mọ́. Bí mo bá ti fẹ́ kọ orúkọ ọmọ sára aṣọ báyìí, ńṣe ni màá ká aṣọ náà, màá gbé e sílẹ̀. Ẹni tí kò lè kọ orúkọ ọmọ mọ́, kí ló tún ń wá nídìí aṣọ ọmọ?

Òṣogbo ni mo ti wá. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, bíríkìlà ni, iṣẹ́ ilé kíkọ́ ló gbé e wá sí Lakowe, èmi náà sì di ẹrù mi tẹ̀lé e. Iṣẹ́ aró tí ìyá mi kọ́ mi ni mo mú dání. Ibi tí mo ti ń sá aṣọ lórí wáyà ni Fèyíkẹ́ ti rí mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ lè ya nǹkan tí ọmọ jòjòló á fẹ́ràn?" Mo ní bíi kí ni? Ó ní aṣọ ọmọ tí wọ́n ń kó wọ̀lú, béárì àti yìnyín ló kún un. Ọmọ Ajah wo ló rí béárì rí? Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ya adìẹ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, mo ya ìgbín, mo ya akàn etí ọ̀sà. Ọ̀já ni o, ìbora ni o, aṣọ tí ẹ fi ń bo ìkókó lójú oòrùn, kò sí èyí tí a kò ṣe, ẹ sì rà á, ẹ tún pe àwọn ọ̀rẹ́ yín wá rà á. Mo dúpẹ́.

Àyúbà, ọ̀gá àwọn tẹ́lọ̀, níbo lo sá pamọ́ sí? Mo ti sọ fún ẹ rí, níwájú kọ́sítọ́mà, pé ojú ìránṣọ rẹ dà bí ibi tí adìẹ ti jẹ̀. Irọ́ ni mo pa, inú ló ń bí mi. O tú u, o tún un rán. Dárí jì mí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi ṣiṣẹ́ mọ àṣà mi. Nínú gbogbo aṣọ tí mo bá yà, mo máa ń dá igun kan sí lófo. Àyè orúkọ nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n bá kó ọmọ jáde, tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, ni màá tó fọwọ́ ara mi kọ ọ́ síbẹ̀. Nílé tiwa, a kì í kó ẹrù ọmọ síta kí ìyá rẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀. Àdúrà wa ni pé à á gbóhùn ìyá, à á gbóhùn ọmọ. Ọmọ tí a kò tíì gbóhùn rẹ̀, ta ló ń pè é?

Ẹ̀rọ tí ń tẹ nǹkan sára aṣọ wá dé. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń tẹ àwòrán àti orúkọ. Àwọn kọ́sítọ́mà sì fẹ́ kí aṣọ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bímọ, kí wọ́n lè fi ya fọ́tò. Mo bá Fèyíkẹ́ jà. Ó ní, "Màmá, ayé ti yí padà, skáànù ti sọ fún wọn pé ọkùnrin ni." Mo ní, "Ṣé skáànù náà gbọ́ igbe rẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ ẹ́.

Kíkẹ́lọmọ wà láàárín yín níbí. Mo ti gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó sọ èyí. Ìbora funfun ló ní ká ṣe, kí akàn kéékèèké yí i ká, kí orúkọ ọmọ òun wà láàárín. A ṣe é, ó sì rẹwà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ pé, ohùn ìyá nìkan la gbọ́.

Ìbora wà lórí tábìlì. Fèyíkẹ́ ń sunkún, kò lè fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo gbé e. Mo ní ojú ìyá rẹ̀ ò gbọdọ̀ kàn án láé. Orúkọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ kì í ṣí, àfi kí aró bò ó. Mo rẹ ẹ́ láró, mo sá a, orúkọ ṣì ń yọjú. Mo tún un rẹ. Mo rẹ ẹ́ títí tó fi dúdú kanlẹ̀. Kí n má parọ́ fún yín, ọkàn mi balẹ̀. Ṣebí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́?

Àfi bí Kíkẹ́lọmọ ṣe dé. Ó ní, "Màmá, ìbora mi ni mo wá gbà." Mo gbá a mọ́ra, mo ní kó gbàgbé, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ó wò mí. Ó ní, "Bí gbogbo èèyàn ṣe ń sọ fún mi nìyẹn. Màmá, omi tó dànù yẹn lórúkọ. Ìyá ọkọ mi ní mi ò gbọdọ̀ pè é. Pásítọ̀ ní kí n máa wo iwájú. Wọn ò jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ara aṣọ yẹn nìkan la kọ ọ́ sí pé ó wá sáyé."

Mo gbé aṣọ dúdú náà lé e lọ́wọ́. Ó gbé e jáde sínú oòrùn, ó nà án, ó ń fi ìka wá orúkọ ọmọ rẹ̀ kiri. Kò rí i.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má dá Fèyíkẹ́ lẹ́bi. Mo ní kó má tẹ̀ ẹ́, mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó ti wà níbẹ̀, ta ló ní kí n pa á rẹ́? Ta ni mo bi? Ìyá ọmọ ń bẹ láàyè, mi ò bi í. Ohun tí kò jẹ́ kí ọwọ́ mi gbà mọ́ nìyẹn. Ó ń dùn mí, kò sì tíì lọ.

Fèyíkẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní bàjẹ́. Àyúbà, abẹ́rẹ́ ò ní gún ọ lójú. Ẹ̀yin tí oyún wà nínú yín, wẹ́rẹ́ lẹ ó bí i, a ó gbóhùn ẹ̀yin méjèèjì. Alhaji, ẹ ó dàgbà, ẹ ó dògbó, ẹsẹ̀ yín ò ní yẹ̀.

Ó ku ẹyọ kan. Wọ́n ní a kì í pe orúkọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo pa á rẹ́ ni kí n kọ́kọ́ pè é. Kíkẹ́lọmọ, dìde, ọmọ mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi pè é, kí ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn: Olúwaṣíjibòmí.

Ẹ má bẹ̀rù, ẹ gbé ohùn sókè. Olúwaṣíjibòmí.

Ó ti gbọ́. Ẹ ṣé o.