Ìyàwó Tí Kò Ní Gún Iyán Kérésì

Etí mi kò wá ọ̀rọ̀ kiri. Nígbà tí Kérésì ku ọ̀túnla, nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó, ni ọ̀rọ̀ yìí bá mi níjòókòó, láti ẹnu obìnrin méjì tí ọkọ wọn jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò.

Ìyálé ló bẹ̀rẹ̀: "Ìyàwó, lọ́dún yìí, má tún ju ọmọ odó sílẹ̀ fún wa kí o lọ sùn o. Ìwọ lo kéré jù nínú wa, ìwọ ni gígún iyán Kérésì tọ́ sí. Ọ̀lẹ ni gbogbo ilé pè ọ́ léṣìí."

"Ẹ̀yin náà pè mí bẹ́ẹ̀, mà."

"Mo pè ọ́! Ṣebí o jó ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ náà?"

Ìyàwó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Fòníkú-fọ̀la-dìde ló ń ṣe mí, ìyálé mi, láti kékeré. Ọkọ mi nìkan ló mọ̀. Tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ báyìí, gbogbo eegun ara mi á máa ro mí, kò sì sí ojú ọgbẹ́ tí mo lè fi hàn yín. Ẹ̀rín mi ló ń parọ́ mọ́ mi."

Bí a ti kọjá afárá Ọ̀wẹnà, ìyálé yíjú sí i.

"Èmi ni n ó gún un," ó wí. "Ìwọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná níbi tó móoru, kí o máa ṣọ́ ọbẹ̀. Ẹni tó bá bi ọ́ léèrè, sọ pé èmi ni mo pa á láṣẹ."

"Tí wọ́n bá wá rí mi tí mò ń rẹ́rìn-ín ńkọ́?"

"Máa rín in, jàre. Ẹ̀rín kì í ṣe àlàáfíà, èmi ti mọ̀ báyìí."