Èmi Ni Mo Ní Kí Wọ́n Dúró

Ẹ gbé mi kalẹ̀. Ẹ̀yin ọmọkùnrin, mo ní kí ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì yìí kalẹ̀ kí ẹ gbọ́ mi. Mo mọ̀ pé òjò ń bọ̀. Èmi náà gbọ́ rédíò. Wọ́n ní ìjì ti dìde lórí òkun, kí gbogbo ẹni tó wà nísàlẹ̀ adágún máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n sì kọ́kọ́ gbé àwọn arúgbó. Ẹ wá ní èmi Annakkili lẹ máa kọ́kọ́ gbé, nítorí pé èmi ni ìyá rere abúlé yìí, èmi tí mo gba ọmọ aláìníyàá tọ́. Mi ò lọ. Òótọ́ kan wà nínú mi tó ti jẹ mí dé egungun, ó sì gbọ́dọ̀ jáde kí n tó kú, nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n sun ún pọ̀ mọ́ òkú mi. Kuyili, ọmọ mi, fi òrùlé tí ò ń so yẹn sílẹ̀. Wá jókòó síbi tí mo ti lè rí ojú rẹ. Ìwọ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ò mọ Ponnuthayi. Ìyá ìyá Kuyili ni. Èmi àti ẹ̀ la jọ dàgbà, a jọ ń gbin ìrẹsì, a jọ ń fọṣọ. Ẹnu rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ là. Ọkọ rẹ̀ tètè kú, ó wá ń fi pẹ́pẹ́yẹ tó ń sìn tọ́ Maragatham, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí. Èmi náà bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo, Kathiresan. Nígbà tí wọ́n ṣì kéré la ti jọ sọ ọ́ pé wọ́n á fẹ́ra. Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sínú, mo ń ṣọ́ ọ bí wúrà. Nígbà tí àkókò tó, tí mo gbé òdòdó àti ewé betel tí a fi ń tọrọ ìyàwó lọ sílé rẹ̀, ó ní òun ti fi ọmọ òun fún ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Tiruppur. Ì bá mà sàn tó bá mọ síbẹ̀. Ó tún sọ ọ́ létí kànga, lójú gbogbo obìnrin: "Annakkili, má bínú sí mi. Ọmọ rẹ lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgò ọtí ló ti gbé níyàwó. Ṣé kí n wá fi ọmọ mi ṣe ìyàwó kejì ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló sọ, òun ló sì jẹ́ kó dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ìtìjú yẹn ló gbé Kathiresan lọ sí Dubai, kò sì padà wá wò mí títí di òní yìí.

Lọ́dún tí mò ń wí, òjò ìgbà òtútù tètè dé. Oṣù Karthigai, tí òjò máa ń pọ̀ jù, ò tíì wọlé tí adágún ti kún dé etí. Ẹ má rò pé abúlé sùn o. A múra sílẹ̀ dáadáa. Àwọn ọkùnrin kó ewéko kúrò nínú gbogbo kòtò tí omi ń gbà, wọ́n rọ yanrìn sínú àpò, wọ́n tò ó sórí ògiri amọ̀ tó dá adágún dúró. Àwa obìnrin yan ìrẹsì, a di iyọ̀ àti ìṣáná sínú ọ̀rá, a da ewúrẹ́ lọ sórí ilẹ̀ gíga. Bàbá Vaithilingam tó jẹ́ olórí abúlé nígbà náà yan iṣẹ́ fún kálukú. Wọ́n fi Irulappan sídìí agogo irin ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì, kó lù ú tí ewu bá dé. Èmi ni wọ́n ní kí n máa wọ ilé dé ilé níhà ìsàlẹ̀, kí n máa kó àwọn obìnrin àti ọmọdé jáde. "Annakkili kì í gbàgbé ènìyàn," ni wọ́n wí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mi ò gbàgbé ènìyàn.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ṣú bí ìgbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Afẹ́fẹ́ ń fa igi àgbọn tu. Omi ti ń yọ lára ògiri amọ̀ bí òógùn, ó hàn pé kò ní pẹ́ wó. Bó bá fi lè wó láàárín, kò sí ilé kankan tó máa ṣẹ́ kù. Àwọn ọkùnrin bá ní àwọn á fọwọ́ ara àwọn la ìpẹ̀kun rẹ̀ níhà ìsàlẹ̀, kí omi lè gba inú oko kọjá. Gbogbo ilé ibẹ̀ ti ṣófo, àfi ti Ponnuthayi. Maragatham ti wá bímọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ara rẹ̀ ò sì tíì le. Bàbá Vaithilingam pè mí, omi ń ṣàn lórí irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Annakkili, lọ kó wọn jáde. Tí abiyamọ ò bá lè rìn, ké sí wa, a máa wá fi bẹ́ẹ̀dì gbé e. A ò ní fi ọkọ́ kan ògiri yìí títí a ó fi gbọ́ láti ẹnu rẹ pé ilé yẹn ti ṣófo."

Mo lọ. Mo ti parọ́ tó, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà, mo fẹ́ kó wọn jáde ni. Ponnuthayi ti di ẹrù rẹ̀, ó ti kó àwọn pẹ́pẹ́yẹ sínú agbọ̀n. Bó ṣe rí mi, ó pariwo ayọ̀. "Annakkili! Mo mọ̀ pé ìwọ ni wọ́n máa rán. Mo ti ń sọ fún ọmọ yìí pé ìjà wa ò dénú." Ó bu oògùn abiyamọ tí wọ́n fi atalẹ̀ àti ṣúgà ọ̀pẹ sè sí mi lọ́wọ́. "Jẹ ẹ́, òtútù ti mú ọ. Ó yá, wá wo ìyá arúgbó kékeré tó dé bá wa. Wo imú! Imú mi nìyẹn o. Á máa jókòó síbí gbóòórùn ẹja etí òkun." Maragatham rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Màmá, ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ gbé e kẹ̀, kò bẹ̀rù ènìyàn." Wọ́n gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́. Ìwọ ni, Kuyili. Ara rẹ lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. O di ìka mi mú. Mo wò ọ́, mo sì rò ó lọ́kàn mi pé, ọmọ ọmọ tèmi ni èyí ì bá jẹ́. Ilé mi ló yẹ kí wọ́n bí i sí. Obìnrin yìí gba ọmọ mi, ó gba ọmọ ọmọ mi, ó sì tún ń fún mi ní oògùn atalẹ̀ jẹ. Ẹ̀rín etí kànga yẹn padà sí mi létí.

Ponnuthayi gbé ẹrù lé orí. "Ṣé ká máa bọ̀?"

Mo ní, "Ẹ má tíì yọ ara yín lẹ́nu. Wọn ò ní la ògiri lónìí mọ́. Ta ló máa gbé abiyamọ sínú òjò báyìí? Ẹ jẹ́ kó sinmi. Tó bá tó àkókò, èmi fúnra mi ni màá wá pè yín."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ponnuthayi, ṣé mo máa ń parọ́ fún ọ ni?"

Ó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ìwọ là ń wò o." Mo gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, mo sì jáde. Láti ọdún yẹn ni mo ti ń sọ fún ara mi pé mo rò pé omi á kàn mù wọ́n dé orúnkún ni, pé á kàn gbé pẹ́pẹ́yẹ lọ, pé mo kàn fẹ́ rí Ponnuthayi nínú aṣọ tútù kó wá máa bẹ̀ mí. Irọ́ ni. Ẹni tí wọ́n bí sídìí adágún mọ ohun tí omi ń ṣe tí wọ́n bá là á. Mo mọ̀.

Ní ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì, Irulappan dá mi dúró. "Màmá, ṣé ilé Ponnuthayi ti ṣófo?" Mo ní ó ti ṣófo. "Ṣùgbọ́n mi ò rí wọn kí wọ́n kọjá níbí." Mo ní wọ́n gba ẹ̀yìn oko àgbọn. Ó wo ojú mi. "Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ yọjú." Mo fà á láṣọ. "Ṣé o fẹ́ pè mí ní òpùrọ́ ni, Irulappan? Tí o bá fi ìdí agogo sílẹ̀ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ta ni wọ́n máa mú?" Ó padà, orí rẹ̀ wálẹ̀. Mo gun orí ògiri lọ bá àwọn ọkùnrin. Mo ní, "Ó ti ṣófo." Irulappan bẹ̀rẹ̀ sí í lu agogo, ó ń lù ú kíkankíkan. Wọ́n gbé ọkọ́ sókè. Àyè ṣì wà fún mi láti pariwo. Mo dúró níbẹ̀, oògùn atalẹ̀ ṣì ń ta mí lọ́nà ọ̀fun, mi ò la ẹnu. Nígbà tí omi jáde, kò dún bí omi rárá, ó dún bí ìgbà tí ilé ń wó léra wọn.

A rí Ponnuthayi nínú oko ìrẹsì nígbà tí omi fà, ẹrẹ̀ ti kún irun rẹ̀. A rí Maragatham láàyè lórí igi dóńgóyárò ẹ̀yìnkùlé wọn, ó fi aṣọ sárì rẹ̀ so ọmọ mọ́ àyà, kò sì lè la ọwọ́ rẹ̀ mọ́, bó ṣe di ẹ̀ka igi mú ló gan. Àwọn àgbà pe ìpàdé. Mo bú sẹ́kún níwájú wọn, mo ní ojú mi ni wọ́n ṣe jáde, pé ó ní láti jẹ́ pé Ponnuthayi padà lọ kó pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ ni. Gbogbo ènìyàn gbà, torí wọ́n mọ̀ pé ó fẹ́ràn àwọn ẹyẹ náà. Ẹnì kan ní, "Tí agogo bá dún, ṣé wọn ò ní sá ni?" Mo ní èmi ò gbọ́ agogo kankan, àwọn ọkùnrin orí ògiri náà sì ní ariwo ìjì ò jẹ́ kó dá àwọn lójú. Irulappan dìde. "Màmá, kí ló dé tí ẹ ṣe báyìí sí mi? Mo lù ú! Mo ní kí n lọ wo ilé náà, ẹ̀yin lẹ dá mi padà!" Wọ́n ní kó jókòó, ọ̀lẹ, ẹni tó pa abiyamọ. Àwọn ọmọdé ń sọ òkò lu ìyàwó rẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n kó kúrò ní abúlé yìí. Mo gbọ́ pé ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì ló kú sí.

Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé Maragatham wá sílé mi, kí n máa tọ́jú rẹ̀. Gbogbo obìnrin ní, "Ẹ wo ọkàn rere." Èmi kàn fẹ́ máa ṣọ́ ẹnu rẹ̀ ni. Ibà mú un, àyà rẹ̀ ń dún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ là, ó ní, "Màmá, a gbọ́ agogo o. Mo ní ká máa lọ. Màmá mi ní rárá, pé ẹ ti ní ẹ máa wá pè wá, pé ẹ ò ní gbàgbé wa. Kí ló dé tí ẹ ò wá?" Mo ní omi ló dá mi dúró. Ó wá ní, "Tí mo bá lè dìde, mo máa sọ fún wọn pé Irulappan lu agogo. Wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́ lórí ohun tí kò ṣe." Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nọ́ọ̀sì tó ń wo àwọn abúlé dé. Ó fetí sí àyà rẹ̀, ó ní kí a gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá, pé tí a bá gbé e lọ, á yè é. Mo ní afárá ti já, pé kò sí ọkọ̀ tó lè kọjá. Ọkọ̀ tó ń gbé wàrà gba orí afárá yẹn kọjá láàárọ̀ ọjọ́ náà, èmi fúnra mi ra wàrà nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà ò mọ̀, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé. Maragatham gbọ́ irọ́ yẹn láti orí ẹní. Ó kàn ń wò mí. Ó kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìbìnújẹ́ kọ́ ló kọ́kọ́ dé bá mi. Ọkàn mi balẹ̀ ni.

Bàbá rẹ wá láti Tiruppur, Kuyili. Ó sunkún, ó fi ọ́ sílẹ̀ fún mi, ó lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Mo sì gba ohun tí mo ń fẹ́. Ọmọ ọmọ mi wà nílé mi. Nígbà tí o kọ́kọ́ pè mí ní ìyá àgbà, ayé ní Ọlọ́run ló san mí lẹ́san oore. Tí o bá bu omi ìrẹsì fún mi, tí o fi ọwọ́ rẹ nu ẹnu mi, mo máa ń rí ojú ìyá rẹ lórí ẹní. Ẹ má ṣe sọ pé títọ́ tí mo tọ́ ọ dí i. Kò dí nǹkan kan.

Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ẹnì kan wá àwọn ọmọ Irulappan lọ, kó sọ fún wọn níwájú ènìyàn pé bàbá wọn lu agogo, pé ó dún, pé wọ́n gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n ní kí ẹ máa kó ènìyàn jáde lónìí, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ pé ilé kan ti ṣófo. Bó ti wù kí ẹni náà dàgbà tó, bó ti wù kí ẹ bọ̀wọ̀ fún un tó. Ẹ wọlé. Ẹ fi ọwọ́ kan orí ẹní. Tí ìkórìíra ẹnì kan bá sì wà nínú yín, ẹ má gbà kí wọ́n rán yín lọ sílé rẹ̀, ẹ sọ ọ́ níta pé, "Ẹ rán ẹlòmíràn." Ojú á tì yín, ṣùgbọ́n ìtìjú yẹn ò ní pa ẹnikẹ́ni.

Kuyili, kí ló dé tí o dìde? Ó dáa, má fọwọ́ kàn mí. Kí lo ń bi mí? Sọ ọ́ sókè, òjò ti ń dún lórí òrùlé. O ní kí ni ìyá rẹ sọ nípa rẹ kó tó kú? Ó sọ orúkọ rẹ ni, ọmọ mi. Ó ń pè é títí ohùn rẹ̀ fi lọ. Mi ò lè máa gbọ́ orúkọ yẹn nínú ilé mi lójoojúmọ́, ni mo fi fún ọ ní òmíràn, mo sì purọ́ fún ìdílé bàbá rẹ pé ìyá rẹ ò rí àyè sọ ọ́ lórúkọ. Kuyili kọ́ lorúkọ rẹ. Vennila ni.