Nígbà Tí Mo Ní Kí Láyọ̀ Padà Sídìí Ẹja

Ọ̀rẹ́ mi Láyọ̀ kò bú mi, kò sì bá mi jà. Ó kàn dẹ́kun eré kíkọ ni, èmi ni mo sì fà á, pẹ̀lú àwàdà tí a ti jọ ń ṣe láti ìgbà tí a ti wà ní yunifásítì. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ó tún ń yà mí lẹ́nu. Báwo ni ọ̀rọ̀ kan náà, láti ẹnu ẹnì kan náà, ṣe lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín fún ọdún mẹ́rin, kó sì wá pa á lẹ́kún lọ́jọ́ kan ṣoṣo?

Àgọ́-Ìwòyè la ti kọ́ tíátà. Ní kíláàsì wa, a ní àṣà kan: bí eré kò bá tíì parí pátápátá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yin òṣèré tó ṣe dáadáa, nítorí a gbà pé ìyìn òní máa ń ba eré ọ̀la jẹ́. Èébú la fi ń yin ara wa. Ẹni tó bá mú gbogbo èèyàn sunkún lórí ìtàgé, bó bá ti wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé báyìí, a ó bi í pé ta ló ní kó kúrò nílé. Láyọ̀ wá láti Ìwopin, létí ọ̀sà, ìyá rẹ̀ sì ń yan ẹja tà. Èmi ni mo máa ń sọ tiẹ̀ fún un. Màá wò ó látòkè délẹ̀, màá ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ara mi, màá wá ní, "O ò ṣe nǹkan kan. Padà sídìí ẹja." Màá fa ẹja yẹn gùn. Láyọ̀ á rẹ́rìn-ín títí á fi jókòó sílẹ̀.

Nígbà tí a jáde, mo padà sílé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, mo ń kọ eré fún rédíò. Láyọ̀ di tíṣà ní Ìwopin, ó lọ́kọ, ó bímọ, kò sún mọ́ ìtàgé mọ́. Àfi lọ́dún tó kọjá tó kọ̀wé sí mi lórí Wásáàpù pé òun ti kọ eré kan tí àwọn ọmọ ìjọ wọn máa ṣe nígbà ìkórè, pé òun ò tíì fi han ẹnikẹ́ni, kí n bá òun wò ó. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo kà á tán, ní ìsọ̀ aránṣọ mi. Mo dáhùn lójú ẹsẹ̀: "Mo ti kà á. O ò ṣe nǹkan kan. Padà sídìí ẹja." Ó fèsì pé, "O ṣeun." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní Láyọ̀ mà ṣì mọ eré í ṣe o, ẹ wo bó ṣe lejú!

Ìkórè kọjá. Mo bi ọkọ rẹ̀ bí eré ṣe lọ, ó ní eré wo? Ó ní Láyọ̀ ti lọ sọ fún àlùfáà wọn pé òun ò ní eré kankan mọ́, pé orin làwọn ọmọ kọ dípò rẹ̀. Mo pe Láyọ̀, kò gbé e. Mo pè é títí.

Mo wá ṣe ohun tí mo máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ kan ò bá dún dáadáa lẹ́nu òṣèré: mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn èèyàn kà. Mo gbé fóònù fún màmá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n kà á bí ẹni tó ń ka èsì ìdánwò síta, wọ́n bojú wò mí. "Ta lo kọ irú èyí sí?" Mo ní àwàdà ni. Wọ́n tún un kà, díẹ̀díẹ̀. "Níbo ni àwàdà náà wà, ìwọ ọmọ yìí?" Aránṣọ mi kà á bí ẹni tó ń lé oníbàárà. Kò sẹ́ni tó dúró ka ẹ̀ta nínú wọn. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí i? Nínú ìwé eré, mo máa ń kọ "ó dákẹ́ díẹ̀" sáàárín ọ̀rọ̀, kí òṣèré lè mọ̀. Sí ọ̀rẹ́ mi, mi ò kọ nǹkan kan.

Mo wọkọ̀ lọ sí Ìwopin. Mo ti pinnu pé bí mo bá ti sọ ọ́ lójú rẹ̀ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ parí. Mo bá a lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo wò ó látòkè délẹ̀, mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, mo sọ ọ́, mo fa ẹja gùn. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò sọ ọ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Láyọ̀ ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

"Bí o ṣe sọ ọ́ yìí gan-an ni mo ṣe gbọ́ ọ nínú fóònù," ó ní. "Ibi tí o ti dákẹ́ gan-an, mo gbọ́ ọ."

"Kí ló wá dé tí o ò rẹ́rìn-ín?"

"Nígbà yẹn, àwọn èèyàn ti pàtẹ́wọ́. Èmi àtìwọ ti mọ̀ pé mo ṣe é dáadáa kó o tó yanu. Eléyìí, èmi ò mọ̀. Ìwọ ni mo ń bi."

Mo ní eré náà dára, mo fi ìyá mi búra. Ó ní òun mọ̀ pé ẹnu mi dùn, ṣebí òṣèré ni mí. "Máa lọ sílé. Kọ ohun tí o rí nínú ẹ̀, kí n lè kà á nígbà tí o ò sí níbí."

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì báyìí. Mo kọ ọ́ pé ó dára gan-an, ó dà bí ohun tí tíṣà ń kọ sísàlẹ̀ iṣẹ́ ọmọ iléèwé. Mo fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí i, mo yọ ọ́ kúrò. Èyí tó kù lọ́wọ́ mi rèé: "Láyọ̀, níbi tí opó inú eré rẹ yẹn ti gbàgbé, tó bu oúnjẹ ọkọ rẹ̀ tó ti kú sáwo, mo ní láti sọ fún aránṣọ pé eruku kó sí mi lójú. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ eré, mi ò tíì kọ irú ẹ̀. Mo jowú rẹ. Ìyẹn ló jẹ́ kí èébú yá mi lára ju ìyìn lọ."

Mi ò tíì fi ránṣẹ́. Bí mo bá yọ owú yẹn kúrò, ó máa mọ̀ pé mo ṣì ń ṣeré. Bí mo bá fi sílẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè máà kọ eré mọ́, torí kí n má bàa máa jowú òun. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí, tí ẹ ò rí ojú mi, tí ẹ ò sì gbọ́ ohùn mi, ẹ̀yin gan-an ló yẹ kí n bi. Bí ẹ ṣe ka ohun tí mo kọ sí i yẹn, ṣé ìyìn lẹ gbọ́?