Ọwọ́ Ọ̀tún Bàbá Fọlákẹ́

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ̀yin ará! Ẹ gbé ohùn sókè, ẹ yin Ọlọ́run tó rántí ilé mi! Halelúyà!

Tíṣà ni mí ní Ipele, Ọ̀wọ̀ níbí la sì ń gbé. Ẹ mọ ọkọ mi, Bàbá Fọlákẹ́, tó ń tún ọ̀kadà ṣe. Lọ́dún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ẹnu náà padà bọ̀ sípò. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló kọ̀. Dókítà ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kó máa fi ọwọ́ náà ṣe nǹkan.” Ògiri ni ọkọ mi ń wò látàárọ̀ dalẹ́. Tí mo bá kí i, á kàn mi orí. Ilé ìdáná ni mo ti máa ń sunkún.

Àfi bí àlòkù ọ̀kadà tí mò ń gùn lọ síbi iṣẹ́ ṣe yọnu. Tí mo bá tẹ bíréèkì, iwájú rẹ̀ á rì wọlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, díẹ̀ ló kù kó gbé mi jù sí kòtò lọ́nà Ipele. Olúwa ló yọ mí! Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi.

Ó yíjú sí mi. “Ṣé ọ́ìlì ń jò lára ṣọ́ọ̀kì iwájú?”

“Ó ń jò, sà.”

“Má gùn ún mọ́. Tì í wọlé.”

Halelúyà! Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tó bá mi sọ láti oṣù mélòó kan nìyẹn!

Ó jókòó sórí àga, mo jókòó sílẹ̀. Ó ń júwe, mò ń tú u. Táyà kúrò. Ṣọ́ọ̀kì méjèèjì jáde. Mo da ọ́ìlì dúdú inú wọn nù, mo yọ rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì, tó ti ya. Ṣùgbọ́n rọ́bà tuntun tí mo rà ò wọlé fún mi. Ó ń wọ́, ó ń wọ́. Omi bọ́ lójú mi.

“Ìyá Fọlákẹ́, gbé e wá.”

Ó fi orúnkún di ṣọ́ọ̀kì mú. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e, ó wá ń fi òsì rọra gbá rọ́bà náà wọlé. Ẹ̀yin ará, mo rí i tí àwọn ìka yẹn ń ká mọ́ irin, lọ́kọ̀ọ̀kan!

Mo pariwo, “Bàbá Fọlákẹ́, ọwọ́ yín!”

“Dákẹ́ ná, jàre. Má jẹ́ kó yẹ̀.”

Ìgbà tí rọ́bà náà wọlé tán ló tó wo ọwọ́ náà. Lẹ́yìn náà, àwa méjèèjì sunkún. Mo dúpẹ́, Olúwa! Mo dúpẹ́!

Nígbà tí dókítà rí i tí àwọn ìka náà ń ká, ó bi mí pé, “Kí lẹ fún un lò?”

“Ṣọ́ọ̀kì ọ̀kadà ni, sà.” Ó rẹ́rìn-ín títí.

Kò tíì pé o. Kò tíì lè kọ̀wé. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo sì fi ọ̀kadà náà gbé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn, ojú ń tì í.

Ẹ̀yin tí aláìsàn yín ti dákẹ́, ẹ má bá a dákẹ́. Ẹ bi í ní ohun tó mọ̀. Ọlọ́run tó bá wa jókòó láàárín ọ́ìlì àti sípánà á yà sílé tiyín náà. Ẹ bá mi dúpẹ́, ẹ̀yin ará mi. Ẹ bá mi dúpẹ́!