Eégbọn Lábẹ́ Apá Ọ̀gà

Ní Fádèyí, a tò síwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oògùn ẹran, ni ìyá àgbàlagbà kan tó wá ra oògùn adìyẹ bá yọjú wo inú agbọ̀n tí ọmọge iwájú rẹ̀ gbé dání.

"Yéè! Ọ̀gà! Ṣé ọ̀dọ̀ eléwé ọmọ kọ́ ló yẹ kí o gbé èyí lọ ni?"

"Rárá, Mà. Mi ò fẹ́ fi ṣe àgúnmu. Mò ń sìn ín ni. Eégbọn ló mú un."

"Báwo lo ṣe rí eégbọn lára ohun tó ń pa àwọ̀ dà?"

"Láàárọ̀ yìí, gbogbo ara rẹ̀ dà bí ewé, àmọ́ àmì dúdú kan lábẹ́ apá rẹ̀ kò bá a pa àwọ̀ dà. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé èyí kì í ṣe ara rẹ̀."

"Da kẹrosíìnì sí i. Bí a ṣe ń ṣe fún ajá nìyẹn."

"Kẹrosíìnì á pa òun náà, Mà. Ẹ̀mú kékeré tí mo fi ń tu irun ojú ni mo fi fà á yọ, tòun ti orí rẹ̀. Oògùn ojú egbò ni mo wá rà."

"Lánlọ́ọ̀dù rẹ ńkọ́? Ṣé ó gbà kí o máa sìn ín nínú ilé?"

"Ó ní kí n jù ú nù, tàbí kí n kó jáde. Mo ti ń wá yàrá ní Ìlàjẹ."

Ìyá náà pòṣé. "Ọkùnrin wo ló máa fẹ́ obìnrin tó ń yọ eégbọn lára ọ̀gà?"

Ọmọge náà rọra fi aṣọ bo agbọ̀n náà.

"Èyí tó bá mọ ẹ̀mú dì mú, Mà."