Huda Dí Ọ̀nà Màlúù Zakari

Rárá o, Ìyá, mi ò jókòó! Ẹ jẹ́ n dúró sọ ọ́. Ṣé Huda ọmọ yín, àbúrò tí èmi fúnra mi pọ̀n lẹ́yìn, òun ló ṣe irú èyí sí mi? Subhánallàh!

Ó gbé kọ̀ǹpútà wá bá mi lóko, ó ní iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni, pé ìmọ̀ àgbẹ̀ làwọn ń kó sínú ẹ̀, á wá máa fi ronú bó ṣe yẹ kí wọ́n to oko. Mo tú gbogbo inú mi fún un. Ìdí tí ẹ̀fọ́ fi wà létí odò, ìdí tí ẹ̀gẹ́ fi jìnnà sílé, ìdí tí a ò fi gbin nǹkan kan sí àárín oko. Mo ní, "Huda, ọ̀nà màlúù Zakari Fúlàní nìyẹn. Bàbá wa àti bàbá ẹ̀ ló jọ fẹnu kò sí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ mumi, òun ni màlúù wọn ò ṣe jẹ ewé kan lóko wa rí." Ó ní, "Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi." Ó ń tẹ kọ̀ǹpútà, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Wàlláhì, Ìyá, kò tẹ ìyẹn sí i!

Ìgbà tí ẹbí pé jọ ní Gàmbàrí láti pín ilẹ̀ oko, ṣebí ẹ wà ńbẹ̀? Àwòrán oko yọ gàdàgbà, kọ̀ǹpútà ní ilẹ̀ àárín yẹn kàn ń ṣòfò ni, kí wọ́n gbin àgbàdo sí i. Kíá, Huda ní òun á gbà á. Mo pariwo títí, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kọ̀ǹpútà kì í ṣègbè. Kì í ṣègbè kẹ̀! Ohun tí wọn ò sọ fún un, báwo ló ṣe máa mọ̀ ọ́n? Mo kó iṣu lọ sí ọjà Ìpata, kí n tó dé, wọ́n ti fi katakata tú ibẹ̀, wọ́n ti fi igi dí i.

Zakari da màlúù dé, ó bá igi. Kò bá mi jà. Ìbá sàn kó bá mi jà! Ó kàn ní, "Abdulhaleem, ìwọ náà?" Ó yí màlúù padà pẹ̀lú òùngbẹ.

Mo bi Huda. Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní tóun bá tẹ̀ ẹ́ sí i, wọn ò ní fún òun nílẹ̀ yẹn. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, Ìyá!

Ẹ ní ọmọdé ni? Ọmọdé tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́gbọ́n? Hẹ̀n-ẹ́n! Ohun tí mo fọkàn tán an sọ fún un ló fi tà mí.

Ẹ pè é. Báyìí, lójú mi. Kó wá fọwọ́ ara ẹ̀ hú igi yẹn, kó lọ bá Zakari ní gáà tí àwọn Fúlàní ń gbé, kó sọ fún un pé òun ni, kì í ṣe èmi. Bí kò bá lọ, kó má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́ láyé. Fóònù yín dà?