Àyè Tí Mo Fi Ẹnu Ara Mi Kọ̀, Tí Ọlọ́run Dá Padà fún Mi

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi hó ìhó ayọ̀ sí Olúwa! Ẹ tún un hó, èyí kò tó! Ọlọ́run tó ń ṣí ilẹ̀kùn fún èèyàn, tí èèyàn bá sì fọwọ́ ara rẹ̀ tì í, tó tún ń ṣí i lẹ́ẹ̀kejì, ìyìn ni fún Un! Haleluyah!

Ẹ ṣeun, ẹ jókòó. Bàbá Àlùfáà, mo dúpẹ́ fún àyè yìí. Wọ́n ní kí n má pẹ́, mo sì ti ṣèlérí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Ibiade yìí mọ̀ pé tí mo bá ń sọ̀rọ̀, mo fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ pé. Ẹ ṣe sùúrù fún mi.

Fún ẹ̀yin àlejò, Fọlákẹ́ lorúkọ mi, ọmọ Ìyá Fọlákẹ́ tó ń yan ẹja ní ọ̀nà odò. Àwọn ló jókòó sí ìlà kẹta yẹn, tí wọ́n ti ń nu ojú kí n tó bẹ̀rẹ̀. Màmá, ẹ ní sùúrù, a ò tíì débẹ̀.

Láti kékeré ni ọ̀rọ̀ ẹja yíyan ti wọ̀ mí lára. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní sáyẹ́ǹsì rẹ̀. Èmi ni mo lọ ra tẹmómítà, tí mo ń tì í bọ ẹ̀gbẹ́ ààrò màmá mi, tí mo ń kọ ohun tí mo bá rí sínú ìwé: èpìyà, wákàtí mélòó, àrọ̀, wákàtí mélòó, tó bá jẹ́ igi gbígbẹ ńkọ́, tó bá jẹ́ èèpo àgbọn ńkọ́? Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, mo gé àgbá kan sí méjì, mo fi ṣe ààrò sẹ́yìn ilé tí a ń gbé. Àwọn tí a jọ ń gbé á ní, "Fọlákẹ́, aṣọ tí a sá síta yìí, ṣé ká wọ̀ ọ́ ni àbí ká fi se ọbẹ̀?"

Ọlọ́run ṣe é, mo rí àyè lọ ka oyè kejì nípa ẹja títọ́jú ní Sikọ́tíláǹdì, ní ìlú kan létí òkun. Mo kà á, mo sì yege. Oyè ọ̀mọ̀wé ló kù. Mo kọ̀wé béèrè, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró.

Ẹ̀yin ará, ìdúró! Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ kan ṣe máa ń rí. Tí mo bá jí, kí Ọlọ́run dárí jì mí, ímeèlì ni mo kọ́kọ́ máa ń wò kí n tó gbàdúrà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Màá wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì lórí ara wọn, ṣòkòtò méjì, màá rìn lọ sí ilé ìkàwé. Ìṣísẹ̀ irinwó ó lé méjìlá ni láti ẹnu ọ̀nà mi. Tí yìnyín bá ti bọ́, ó máa ń tó ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta, nítorí bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin ni màá ṣe máa rìn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹ̀rọ ìfọṣọ kàn mí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ń tẹ̀bà. Gàárì Ìjẹ̀bú tí màmá mi dì fún mi, mo ti wọ̀n ọ́n ní kọ́ọ̀bù kọ́ọ̀bù, mo pín in sí iye ọ̀sẹ̀ tó kù lórí físà mi. Mi ò nílò kàlẹ́ńdà mọ́. Bí mo bá ti ṣí ike gàárì, mo ti mọ iye ọjọ́ tó kù fún mi nílùú òyìnbó. Tí ìwé ìgbàwọlé kò bá dé kí gàárì tó tán, ilé yá nìyẹn, oyè ọ̀mọ̀wé sì di ìtàn.

Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta kan, ọkàn mi fà sí ẹja yíyan. Mo ra ẹja tútù, mo da ìyẹ̀fun igi sí ìdí ìkòkò, mo gbé wáyà lé e, mo to ẹja sórí wáyà, mo dé e, mo gbé e ka iná. Ó ń lọ dáadáa. Àfi bí mo ṣe ṣí ìdérí láti ti tẹmómítà bọ̀ ọ́! Aago tó ń gbóòórùn èéfín ké tòò! Gbogbo ilé akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń gbé tú jáde. Àwa bí ogójì la dúró sínú yìnyín, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé táwẹ́ẹ̀lì nìkan ló ró. Panápaná dé. Ọ̀gá wọn bi mí pé, "Kí lo dáná sun?"

Mo ní, "Ẹja ni, sà. N kò dáná sun ún, mo ń yan án ni."

Ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Ó ń ta sánsán o. Ṣùgbọ́n má ṣe é mọ́."

Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gba ẹ̀yìn ilé jáde fún ọ̀sẹ̀ kan. N kò mọ̀ pé Ọlọ́run ti ń ṣiṣẹ́ nínú èéfín yẹn. Ẹ fi sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà tàn dé ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì wa, obìnrin, àgbàlagbà, tó jẹ́ pé ìwádìí lórí ẹja yíyan gan-an ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n gbé tíì àti bisikíìtì ka iwájú mi. "Ṣé wàá jẹ bisikíìtì?" Mo ní, "Rárá, mà, ẹ ṣeun." Bẹ́ẹ̀ n kò tíì jẹun láàárọ̀ yẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín ọ̀ràn èéfín, wọ́n bi mí nípa Ibiade, wọ́n wá ní, "Fọlákẹ́, àyè kan ṣí lọ́dọ̀ mi fún oyè ọ̀mọ̀wé. Ṣé wàá fẹ́ wá bá wa ṣiṣẹ́?"

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Tí wọ́n bá fi nǹkan lọ̀ ọ́ níta, má tètè gbà á, kí wọ́n má ba à sọ pé ọmọ olójúkòkòrò ni ọ́. Mo wo ilẹ̀, mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ má ṣèyọnu nítorí mi. N kò fẹ́ dà yín láàmú."

Mo wá ń dúró kí wọ́n ní, "Rárá o, wá jàre."

Wọ́n ní, "Ó dára. Mo gbọ́." Wọ́n kọ nǹkan sínú ìwé. Wọ́n kí mi pé ó dàbọ̀.

Tayọ̀tayọ̀ ni mo délé! Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kan, n kò gbọ́ nǹkan. Ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí. N kò kọ̀wé sí wọn, torí a kì í lé àgbà kiri. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ní ọjọ́rú, ímeèlì wọlé láti ọ́fíìsì ìgbàwọlé: "A kò gbọ́ pé o fẹ́ àyè tí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a ó ti fáìlì rẹ pa." Mo kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Àyè wo ni wọ́n fi lọ̀ mí, nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n kò tíì tún pè mí? Mo ṣí ike gàárì: kọ́ọ̀bù mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́tàlélógún ló kù lórí físà.

Mo pe màmá mi, mo ń sunkún. Màmá ní, "Ta lo ṣẹ̀ níbẹ̀? Lọ bẹ̀ ẹ́."

"Màmá, n kò ṣẹ ẹnì kankan. Mo tiẹ̀ bọ̀wọ̀ fún wọn jù ni."

Mo ń gbọ́ bí iná ṣe ń ta pàrà pàrà lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní, "Fọlákẹ́, ẹja tó wà lórí iná, a kì í sunkún lé e lórí. Yíyí là ń yí i padà. Nu ojú ẹ. Màá gba ọ̀la láàwẹ̀ fún ẹ. Ìwọ wá ibi tó kù tí o máa yí."

Ẹ bá mi dúpẹ́ fún màmá tó ń gbààwẹ̀ níwájú ààrò ẹja! Ẹ̀yin kò mọ ohun tí ìyẹn ná wọn!

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Bísí. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà níbẹ̀, wọ́n sì ti pẹ́ níbẹ̀ ju gbogbo wa lọ. Mo ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà ìdáǹdè.

Wọ́n ní, "A óò gbà á. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n wí, àti ohun tí ìwọ náà wí, bó ṣe jáde lẹ́nu gẹ́lẹ́."

Mo sọ ọ́. Àǹtí Bísí di etí tábìlì mú. Mo rò pé ẹ̀mí ti gbé wọn. Ẹ̀rín ni! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ọmọ Ìjẹ̀bú paraku! Wọ́n gbé oyè ọ̀mọ̀wé fún ẹ, o ní o ti yó!"

"Àǹtí, n kò sọ pé n kò fẹ́ o!"

"O sọ ọ́. Bí òyìnbó ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń bi èèyàn. Tí o bá ní rárá, wọ́n gbà pé o mọ ohun tí o fẹ́, wọ́n á sì bọ̀wọ̀ fún un. Nígbà tí mo dé, odindi oṣù kan ni ebi fi pa mí níbi iṣẹ́. Tí wọ́n bá ní ṣé màá jẹ kéèkì, màá ní rárá, màá sì máa wò ó títí wọ́n fi jẹ ẹ́ tán lójú mi."

Wọ́n dìde, wọ́n nu ojú, wọ́n sì gbàdúrà. Kì í ṣe àdúrà ìdáǹdè. "Olúwa, fún ọmọ yìí ní ẹnu tó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kó má tíì pẹ́ jù." Mo ní Àmín tí ilé mì.

Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n wò mí. "Fọlákẹ́? Mo rò pé o ti padà sílé."

Mo ní, "Mà, mo wá gba àyè yẹn. Mo fẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ tí ẹ ti sọ ọ́ ni mo ti fẹ́ ẹ."

"Ṣùgbọ́n o kọ̀."

"Nílé wa, mà, tí àgbà bá fi nǹkan lọ èèyàn, a kọ́kọ́ máa ń kọ̀. Àgbà á tún fi lọ̀ wá. Lẹ́ẹ̀kẹta, a ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ bi mí. Mo ti ń dúró de ẹ̀ẹ̀kejì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Wọ́n yọ awò ojú wọn. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta!" Wọn ò rẹ́rìn-ín o. Wọ́n yí kọ̀ǹpútà wọn sí mi. Lẹ́tà kan wà lójú rẹ̀, sí ẹlòmíràn, tí wọ́n fi fún un ní àyè mi.

Wọ́n ní, "Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti kọ eléyìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣí i kí n fi ránṣẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí i ni mo máa ń rántí èéfín yẹn. Ẹni tó lé ogójì èèyàn sínú yìnyín nítorí ẹja kan, báwo ló ṣe máa ní òun kò fẹ́ iṣẹ́ ẹja? Kò yé mi. Ni mo fi ń pa á tì."

Haleluyah! Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ rí i? Èéfín tó dójú tì mí ló di lẹ́tà yẹn mú! Ẹ̀ẹ̀mẹta! Ta ló tó Ọ, Olúwa?

Wọ́n wá ní, "Ó dáa. Mo ń bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ṣé wàá wá bá wa…"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà!" N kò jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀.

Wọ́n rẹ́rìn-ín wàyí. Wọ́n ti àwo sún mọ́ mi. "Bisikíìtì ńkọ́?" Mo mú méjì.

Aago mẹ́ta kù ogún ìṣẹ́jú lọ́jọ́ náà, ìwé ìgbàwọlé wọlé sórí fóònù mi. Mo fi béèrè físà tuntun, wọ́n sì fún mi. Gàárì tó ṣẹ́kù, ẹ̀ẹ̀kan náà ni èmi àti Àǹtí Bísí tẹ gbogbo rẹ̀ lẹ́bà!

Ẹ sì wo ohun tó gbé mi wálé báyìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló rán mi wá sí Ibiade kí n wá wọn ààrò màmá mi: gíga rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀, ooru rẹ̀ láti ìgbà tí iná bá ràn títí ẹja fi máa gbẹ. Ààrò tí àwọn aládùúgbò ń torí rẹ̀ bínú sí wa pé ó ń ba aṣọ jẹ́ ló di iṣẹ́ ìwádìí lókè òkun. Màmá, ẹ lè sunkún wàyí. A ti débẹ̀.

Ọlọ́run, mo dúpẹ́. Bàbá Àlùfáà, mo dúpẹ́. Àǹtí Bísí, níbi tí ẹ wà, mo dúpẹ́. Ìwọ tó jókòó síbí, tó ń dúró de èsì, lọ yẹ ibi tí o dúró sí wò dáadáa. Ó lè jẹ́ pé Ọlọ́run ti dáhùn tipẹ́, ìwọ lò ń dúró kó tún bẹ̀ ọ́. Kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀ ni pé kí o kọ ohun tí o ti gbààwẹ̀ béèrè. Dìde, padà lọ kan ilẹ̀kùn yẹn. Ẹni tó di lẹ́tà yẹn mú kò tíì ṣíwọ́ iṣẹ́.

Mo ti fẹ́ jókòó o. Màmá mi ti yan ẹja sílẹ̀ fún gbogbo ìjọ, ó wà ní gbọ̀ngán lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni màá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí màá máa pín in. Mo sì ti di òyìnbó díẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni màá bi yín.